Búrẹ́dì Tíṣà

Bí mo bá ti gbóòórùn búrẹ́dì gbígbóná, Tíṣà ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, olùkọ́ Faransé ní pólì Ọ̀fà, tó jẹ́ ayálégbé wa. Wọn kì í dá búrẹ́dì jẹ.

"Alhaja, ẹ gba tiyín," ni wọ́n máa ń wí fún ìyá mi. "'Kọmpáníọ̀nù' tí Òyìnbó ń pe ẹnìkejì ẹni, Faransé ní in, Sípéènì ní in. Látìn ló bí i: ẹni tí a jọ ń jẹ búrẹ́dì."

Kirisitẹni ni wọ́n, àmọ́ lóṣù ààwẹ̀, búrẹ́dì wọn á dúró dìgbà tí a bá ṣínu.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lọ sí Ìlá, mo ra búrẹ́dì wálé. Ìyá mi ò fọwọ́ kàn án.

"Mi ò fẹ́ràn búrẹ́dì láti kékeré."

"Èyí tí ẹ ń bá Tíṣà jẹ ńkọ́?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ṣé torí búrẹ́dì ni?"