Ìda Àbẹ́là Lára Àwo Idẹ Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé wa ní Ifọ̀, ìyá bàbá mi ní àwo idẹ pẹrẹsẹ kan tó fi ń gbé obì fún àlejò. Wọ́n fín ẹyẹ sí i lára. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyá àgbà lè gbàgbé oúnjẹ, kò lè gbàgbé àwo náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kẹrosíìnì tán, èmi ni mo lẹ àbẹ́là mọ́ àárín àwo yìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìda rẹ̀ ti gan mọ́ orí ẹyẹ. Àlejò sì ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà. Ni mo bá gbé e tọ ìyàwó tí àbúrò bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Ọ̀fàdà lọ.

Láyé ìgbà náà, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Bí mo ti kéré tó, ọkọ ni mo jẹ́ fún un. Eyínfúnjowó ló ń pè mí, ó sì ń kúnlẹ̀ kí mi; ìyàwó kì í sì í fi ẹjọ́ ọkọ sùn.

Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, Eyínfúnjowó. Ẹ jẹ́ kí n gbé omi kaná. Tá a bá da omi gbígbóná sí i, ìda á rọ̀, a ó fi àkísà nù ún. Ẹ má fi irin kàn án o."

Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ta ni ìyàwó tí yóò máa kọ́ mi? Mo mú ọ̀bẹ, mo ha á. Ìda ṣí lóòótọ́, àmọ́ mo ha orí ẹyẹ bàjẹ́ pátápátá.

Ìyàwó ló gbé omi gbígbóná dúró ti àwo nígbà tí ìyá àgbà wọlé. Ìyá àgbà bi í pé, "Ìwọ lo ṣe é?" Ìyàwó wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ má bínú." Ìyá àgbà ní wọn kò kọ́ ọ nílé bàbá rẹ̀, kò sì jẹ́ kó gbé obì síwájú àlejò mọ́ títí ìyá àgbà fi kú. Ìyàwó tí kò lè gbé obì fún àlejò, àlejò lòun náà nínú ilé.

Ojú ń tì mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí. Obìnrin yìí pọn àwọn ọmọ mi, ó bá mi tọ́jú wọn, síbẹ̀ n kò bẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi sin ín.

Lónìí, ìyàwó ń pe ọmọ ilé lórúkọ gbangba, àwọn ẹgbẹ́ mi á sì máa ráhùn pé kò sí ọ̀wọ̀ mọ́. N kì í bá wọn dá sí i. Ká ní ìyàwó yẹn lè dárúkọ mi lọ́jọ́ náà ni, ìyá àgbà ì bá nà mí, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán.