Ọ̀rọ̀ Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Sọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi fẹ́ bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan kó tó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kétu, ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé ohun téèyàn bá fẹnu sọ ló ń ṣẹ, pé aláìsàn kò gbọdọ̀ sọ pé ara òun ò yá. Àìsàn kíndìnrín ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, síbẹ̀ tí mo bá bi í pé báwo lara, “Ara le” ló gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Èmi ni mò ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ bí ọlọ́pàá.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mò ń ṣa tòmátì tí mo rà ní Mile 12, ó ní, “Mummy, tí mi ò bá sí mọ́...” Mo fò dìde. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù! Daddy, ẹ dá ọ̀rọ̀ yẹn padà kíákíá!” Ó dá a padà. Nígbà kejì, orin ni mo gbé lé e títí ó fi sùn. Nígbà kẹta, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n sọ ọ́.” Mo fi ọwọ́ kejì bò ó lẹ́nu. Mi ò tíì gbé ẹ̀kọ dé lọ́jọ́ kejì tó fi kú.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yẹn ń bá mi gbé nínú ilé wa ní Ìkòsì. Mo lè máa gbálẹ̀ lọ́wọ́, kí n ṣàdédé dúró, kí n máa retí ohùn rẹ̀. Ṣé ó bí ọmọ síta ni? Ṣé ó fẹ́ tọrọ àforíjì ni, àbí ó kàn fẹ́ dágbére? Mo bínú sí Ọlọ́run, mi ò ní purọ́. Mi ò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, torí ibo ni mo tún ti máa rí I bá jà?

Lọ́dún tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì rán àwa mẹ́ta láti lọ kí Mummy àgbà kan ní Ṣángíṣá, tí jẹjẹrẹ ọyàn ti dá dùbúlẹ̀. Ó ní, “Mò ń lọ o, ẹ̀rù sì ń bà mí.” Àwọn méjì yòókù figbe ta: “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Mo ní kí wọ́n dúró dè mí níta. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.

“Ẹ sọ ọ́, Mummy. Mò ń gbọ́.”

Ó sọ ọ́. Ó sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin ín sí, ó sọ èyí tó ń bà á lẹ́rù jù, ó sunkún, mi ò kọ ohunkóhun lórúkọ Jésù. Etí tí mo fi gbọ́ ọ yẹn, inú ìyà tó jẹ mí ni Olúwa ti fún mi. Ká ní Ó bi mí tẹ́lẹ̀ ni, màá ní kí Ó mú etí náà lọ, kí Ó fi ọkọ mi sílẹ̀ fún mi.

Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó bi mí pé, “Ọkọ tìẹ ńkọ́? Kí ló bá ẹ sọ kó tó lọ?”

“Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́, Mummy.”

Ó ní, “Tí mo bá débẹ̀, màá bá ẹ bi í.”

Mo la ẹnu láti ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo pa á dé.

“Ẹ ṣé, Mummy,” ni mo wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í.”