Kóòtù Ọyẹ́ Tí Mo Rà fún Bàbá Mi

Mo bẹ ẹni tó bá ń ka èyí pé kó bá mi fara dà á. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó ní kí n wá jókòó ti ìyá mi nílé, láti ìgbà náà ni n kò sì ti fọwọ́ kan kálàmù dáadáa. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ lójú mi ni mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹnu mi gan-an kò yá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ará ilé máa ń bi ìyá mi pé ṣé owó ni wọ́n ń san fún mi kí n tó lanu.

Ìbà ni ilé wa. Ogun àwọn Òyìnbó ti parí láti bí ọdún mélòó kan nígbà náà, ṣùgbọ́n igbó àti àbàtà ló ṣì wà láàárín wa àti Òkokomàíkò. Bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, ọdẹ ni wọ́n máa ń dáhùn. Ìparí ọyẹ́ ni àwọn ọdẹ wa fẹ́ràn jù lọ. Àwọn odò kéékèèké inú igbó á ti gbẹ, àgbọ̀nrín á wá máa sọ̀kalẹ̀ wá mu omi létí àbàtà lóru. Ọdẹ á so àtùpà mọ́ iwájú orí rẹ̀, á jókòó jẹ́ẹ́ sínú koríko, á máa dúró de ìgbà tí ojú ẹran máa tàn padà sí i. Òtútù etí àbàtà lásìkò yẹn kì í ṣe kékeré. Ó máa ń wọ egungun.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ikọ́ mú bàbá mi. Gbérí, ẹ̀wù ọdẹ wọn, ti gbó, ihò ara rẹ̀ pọ̀ débi pé ìyá mi kò rí ibi tí abẹ́rẹ́ máa dì mú mọ́. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí wọn láyà báyìí, ikọ́ dé. Ẹni tó ń húkọ́ kò sì wúlò fún ẹni tó ń dúró de àgbọ̀nrín. Olórí ọdẹ wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n wá sọ ohun tó gbé wọn wá.

"Wò ó, ọ̀rẹ́, ikọ́ rẹ yìí ti lé gbogbo àgbọ̀nrín wa dé Àgbádárìgì. Ṣé o fẹ́ kí àwa náà wọkọ̀ ojú omi tẹ̀ lé wọn ni?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ kúkú sọ pé kí n jókòó sílé."

"Ohun tí a ń sọ náà nìyẹn. Jókòó títí òjò á fi rọ̀."

Ẹni tó bá bàbá mi bẹ̀bẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn kan tó bá olórí ọdẹ wá, àgbà ọdẹ tó ń dá gbé nílé kejì sí tiwa láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú. Èmi ni wọ́n máa ń pè ní ìyàwó wọn, tí ojú á sì máa tì mí. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí ara ọkùnrin yìí móoru ná. Bí ó bá rí aṣọ gidi wọ̀, ikọ́ á fi í sílẹ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Olórí ọdẹ gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì lọ tán, bàbá mi dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n kọjú sí ògiri. N kò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní owó díẹ̀ nílẹ̀ láti ara àgbọn tí mò ń tà. Ní ọjọ́ ọjà, mo lọ sí Ọ̀jọ́, sí etí omi níbi tí àwọn ará Èkó ti máa ń gbé aṣọ àlòkù wá nínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ aṣọ ṣọ́jà. Mo dúró lẹ́yìn àwọn èèyàn títí tí ìyá kan fi tì mí síwájú, tó ní, "Tẹ̀ síwájú, àbí ìwọ ni òpó ọjà yìí?"

Mo mọ ohun tí mò ń wá, nítorí láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi. Aṣọ ọdẹ kò gbọdọ̀ funfun, kò gbọdọ̀ pariwo, ẹ̀gún kò sì gbọdọ̀ rí i fà. Wọ́n kọ́kọ́ na aṣọ òjò kan sí mi. Kò funfun, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé e báyìí ló ń dún bí ewé gbígbẹ. Súwẹ́tà kan wà tó móoru, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan ṣoṣo ló máa tú u tán. Mo wá rí kóòtù kan lábẹ́ òkìtì. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀ tó ti gbẹ, ó nípọn, ó wúwo lọ́wọ́. Mo gbé apá rẹ̀ sí etí mi, mo rún un pọ̀ láti gbọ́ bóyá ó máa dún.

Ọkùnrin tó ń tajà wò mí. "Kí ló wí fún ọ?"

Mo tún rún apá rẹ̀ pọ̀.

"Ẹ wá wo ọmọ tó ń bá kóòtù sọ̀rọ̀ o! Èmi tí mò ń kí i láti àárọ̀, kò dá mi lóhùn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé n kò ná an tó bó ṣe yẹ. Mo sanwó, mo sì ká a mọ́ra.

Nílé, kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀, obìnrin kan ládùúgbò wa ti ké sí ìyá mi. "Ẹ̀wù òkú lọmọ yín rà wálé o! Ṣọ́jà tó ni ín á wá gbà á lọ́wọ́ bàbá ẹ." Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí kóòtù náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ó nípọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìka kan bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n sì yọ ọwọ́. Bọ́tìnnì idẹ méjì ló ṣẹ́ kù láyà rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn yòókù ti já, wọ́n ti fi bọ́tìnnì dúdú rọ́pò wọn. Àwọn idẹ náà ti dípẹtà, àwọ̀ wọn wá dà bí ewé.

Nítorí ọ̀rọ̀ òkú yẹn ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe. Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo pò ó mọ́ eérú, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo sì fọ bọ́tìnnì méjèèjì títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú wọn. Mo fẹ́ kí ó dà bí ẹ̀wù tuntun. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn pa ẹnu mọ́.

Bàbá mi wọ̀ ọ́, wọ́n dúró ṣánṣán bí ṣọ́jà. Ọ̀rẹ́ wọn gbé ọwọ́ sókè kí wọn. "Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, sà!" Bàbá mi ní àwọn ìbá fi omi èèpo igi pa á láró kí ó lè ṣókùnkùn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó ti dára báyìí. Ọmọ mi ti fọ̀ ọ́." Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ikọ́ náà rọlẹ̀. Olórí ọdẹ wá tẹ́tí sí àyà wọn bí ẹni tó ń gbọ́ omi inú àgbọn, wọ́n sì ní kí bàbá mi máa bọ̀ wá sọ́dẹ.

Ìró ìbọn kì í bà wá lẹ́rù nílé. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi dìde lóru ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó gbé bàbá mi dé, ẹ̀jẹ̀ bo apá wọn, ọ̀rẹ́ wọn sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn láìní ìbọn lọ́wọ́. Bàbá mi ti kúrò níbi tí wọ́n jọ ṣe àdéhùn pé kí wọ́n jókòó sí, wọ́n ń tọ ipasẹ̀ ẹran kan; wọ́n wá pa àtùpà wọn, wọ́n sì jókòó sínú koríko níbòmíì. Ọ̀rẹ́ wọn rí nǹkan nínú koríko, wọ́n sì yìnbọn. Púpọ̀ nínú ọta náà kò kọjá ara kóòtù. Ìwọ̀nba tó wọlé, wọ́n yọ ọ́.

Nígbà tí ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀ pé bàbá mi ò ní kú, àwọn ọdẹ jókòó síwájú ilé wa. Mo wà ní ilé ìdáná, mo sì ń gbọ́ wọn.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ní, "Ojú ni mo rí. Ojú méjì. Wọ́n dúró ṣinṣin sí iná mi, wọn ò tilẹ̀ ṣẹ́jú."

Ọdẹ kan tí kò dàgbà tó wọn dá wọn lóhùn pé, "Ojú wo, Bàbá? Odidi èèyàn tó jókòó, tó wọ kóòtù! Ẹ kúkú sọ pé ẹ rí ìwo lórí rẹ̀."

Bàbá mi pariwo látinú yàrá. "Èmi ni mo ṣí kúrò níbi tí mo wà! Ẹ fi í sílẹ̀!"

Wọn ò fi í sílẹ̀. Olórí ọdẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí ló sì burú jù. "Ọ̀rẹ́ mi, ojú rẹ ti dàgbà. Má wọ igbó lóru mọ́."

Èmi kò rò ó nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo gbé àtùpà wọ yàrá láti mú abẹ́rẹ́, kí n lè di àwọn ihò ara kóòtù náà. Ìyá mi ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti gbé e kọ́ sára ògiri. Ojú méjì wò mí látinú òkùnkùn. Mo fẹ́ ké. Mo gbé àtùpà sápá ọ̀tún, wọ́n ń wò mí. Mo gbé e sápá òsì, wọ́n ṣì ń wò mí, wọn ò ṣẹ́jú. Ó wá yé mi pé bàbá mi kò lè rí dídán bọ́tìnnì wọ̀nyẹn láé, nítorí iwájú ni iná orí ọdẹ ń tàn sí, kì í tàn sí àyà ẹni tó gbé e.

Ó yẹ kí n kígbe pe àwọn ará ilé lójú ẹsẹ̀. Mo mú abẹ́rẹ́, mo jókòó, mo sì rán aṣọ.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa pé, "Kóòtù tí ọmọ mi rà ló gbà á là." Obìnrin tó pè é ní ẹ̀wù òkú wá bá mi, ó ní kí n bá òun ra irú rẹ̀ fún ọkọ òun. Bí mo bá ti fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ á dé ẹnu mi, á sì padà. Mò ń rò ó pé wọ́n á ní ọmọ yìí ló fẹ́ pa bàbá rẹ̀ nítorí ọ̀ṣọ́.

Ìyá mi ń rán mi lọ gbé oúnjẹ fún ọ̀rẹ́ bàbá mi, nítorí wọn kì í jáde mọ́. Ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n gbójú sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ ta?"

Ẹni tó máa ń dá ìrìn mi mọ̀ láti òkèèrè. Mo sọ ilé wa.

"Háà, ìyàwó mi. Má bínú. Ojú yìí ti parí, kí n má tún lọ pe ẹlòmíì ní ìyàwó." Wọ́n dìde láti gba àwo, mo sì rí i tí wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ara ògiri bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yàrá náà mọ́lẹ̀ kedere. Eṣinṣin kan bà lé etí àwo náà. Wọ́n lé e kúrò, ọwọ́ wọn kò sì ṣì í.

Nǹkan kan kò ṣe ojú wọn. Wọn ò gbà á gbọ́ mọ́ ni.

Wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn ń bọ̀ láti Àgbádárìgì láti wá mú àwọn lọ, kí òun lè máa fa àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn máa fi àtùpà ọdẹ àwọn tọrẹ kí àwọn tó lọ. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ti kú. Mo lanu. Ohun tó jáde ni, "Ó dàbọ̀, Bàbá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìyá mi tó dáná, mo yọ kóòtù kúrò lára ògiri, mo gbé e mọ́ra lọ sílé ọ̀rẹ́ bàbá mi. Wọ́n ti jí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ti fèrèsé, mo ti ilẹ̀kùn, yàrá ṣókùnkùn. Mo fi kóòtù kọ́ sára igi ilẹ̀kùn, mo fà á wálẹ̀ títí ó fi tó gíga ẹni tó jókòó. Mo wá àtùpà wọn ní igun yàrá, mo sì gbé e lé wọn lọ́wọ́.

"Ìyàwó, kí lo fẹ́ kí n fi èyí ṣe?"

"Ẹ tan án, Bàbá. Ẹ wo ibi ilẹ̀kùn."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí iná tó gbà. Wọ́n gbé e sí iwájú orí wọn, wọ́n yí orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú igbó. Wọ́n dúró. Mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún wọn sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, níbi tí ìbọn máa ń wà.

Mo ní, "Bọ́tìnnì ni. Èmi ni mo fi eérú fọ̀ ọ́."

Wọ́n yí iná sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n tún dá a padà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù náà nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, mo sì jẹ́ kí wọ́n wò ó títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn.