Àmù Ìyá Mi Lẹ́bàá Ọ̀nà Oko

Oko ìyá mi wà lẹ́bàá ọ̀nà, nítòsí Elegbeka. Lábẹ́ igi ọsàn tó kọjú sí ọ̀nà, ó gbé àmù kan sílẹ̀, ó fi pákó dé e, ó sì fi okùn so ife tánganran mọ́ igi náà. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kó mu: ẹni tó ń lọ sóko, ọlọ́kadà tí táyà rẹ̀ jò, àwọn ọmọ iléèwé. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun náà kì í jẹ́ kí omi tán níbẹ̀.

Ife yẹn ni kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Èmi kì í gba nǹkan gbọ́ bọ̀rọ̀. Bí elépo bá ti rẹ́rìn-ín jù, mo ti mọ̀ pé omi wà nínú epo rẹ̀. Mo máa ń bi ìyá mi pé, “Ta ló mọ irú ẹnu tó kan ife yìí kẹ́yìn?” Òun a ní, “Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ìwọ ti mu tìrẹ lámujù.”

Lára àwọn tó ń mu omi náà ni obìnrin Fúlàní kan tó máa ń kọjá láàárọ̀ láti gáà wọn, pẹ̀lú igbá wàrà lórí. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ó sì gbọ́ èébú ìyá mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ìyàwó, màlúù ọkọ rẹ tún ti jẹ ẹ̀gẹ́ mi.”

“Ìyá, ẹ̀gẹ́ yín ló dùn jù.”

Wọn a jọ rẹ́rìn-ín. Yóò mu omi, yóò yọ wàrà kan sórí ewé fún ìyá mi, yóò sì máa lọ sọ́jà. Àkọ́bí mi, tó ti wà ní Pólì báyìí, kò tíì rìn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré yìí.

Nígbà tó yá, ọ̀nà bàjẹ́. Kì í ṣe kòtò ni mo ń wí. Àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn wọgbó, ẹ̀rù oko sì ń ba olóko. Ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Ọ̀wọ̀, àwọn tí a jọ ń jẹun ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé, “Ìwọ gan-an, níbo lo ti wá?” Ohùn ọkùnrin kan dé sórí fóònù mi, kò sọ orúkọ rẹ̀, ó ní àwọn Fúlàní ń fi májèlé sínú oúnjẹ. Lọ́sẹ̀ kan náà, nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Hausa túmọ̀ òmíràn fún wa: ìyẹn ní àwọn Yorùbá ń fi májèlé sínú omi. Mo fura sí méjèèjì. Síbẹ̀, mo fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àbúrò mi.

Ní Sátidé, mo lọ bá ìyá mi lóko, mo ní kó gbé àmù náà kúrò. Mo ní àwọn ọlọ́dẹ ìlú ti ń sọ pé ó ń fún ọ̀tá lómi. Ó jókòó, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún mi rí.

“Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, obìnrin Ìbò kan ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ulé wa. Ìyá mi kì í ra ti ẹlòmíì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ta ló mọ ohun tó ń pò mọ́ ìyẹ̀fun. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó lé e. A kàn ò rà á mọ́ ni. Búrẹ́dì bu lórí àtẹ rẹ̀, obìnrin náà sì kẹ́rù lọ. Kò pẹ́ tí ogun Bìáfùrà dé. Ìwọ wá ń sọ fún mi pé kí n gbé àmù?”

Orí ọ̀rọ̀ yìí la wà tí obìnrin Fúlàní náà fi dé. Kò sọ igbá kalẹ̀. Ó wo àmù náà, ó wo èmi, ó sì ní, “Ìyá, ẹ kọ́kọ́ mu.”

Ìyá mi wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó sọ. Ó bu omi, ó mu ún tán, ó sì da ojú ife délẹ̀. Obìnrin náà ń wo ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun náà bu omi, ó gbé e kan ẹnu. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n wò rí i pé ọ̀fun tirẹ̀ kò mì. Ó dúpẹ́, ó yọ wàrà sórí ewé bí ìṣe rẹ̀. “Ọkọ mi ló ní kí n má mu,” ló wí, ó sì lọ.

“Ẹ má jẹ ẹ́ o,” ni mo sọ.

“Panu mọ́.”

Ó gbé wàrà náà súnmọ́ ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ó já díẹ̀ níbẹ̀, ó jù ú sí adìẹ, ó fa àpótí, ó jókòó tì í. Ìyá mi ló jókòó bẹ́ẹ̀, tó ń ṣọ́ adìẹ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Adìẹ náà ń tan ilẹ̀, ó ń bá àwọn yòókù jà, wàrà náà kò ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà náà, ooru ti ba ìyókù wàrà náà jẹ́. Ó dà á sígbó, ó sì ń sunkún. Ó dùn mí gan-an, nítorí kì í ṣe obìnrin tí í sunkún.

Obìnrin náà kò gba ọ̀nà yẹn mọ́. Àwọn kan ní wọ́n ti ṣí gáà wọn lọ, àwọn kan ní wọ́n lé wọn ni. Èmi kò gba èyíkéyìí gbọ́. Lórí rédíò, wọ́n ṣì ń jiyàn bóyá ká pín orílẹ̀-èdè yìí tàbí ká má pín in.

Mo tún lọ ní Sátidé tó kọjá. Ìyá mi ti da ojú àmù náà délẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Oòrùn ti pa mí, mo sì ní òùngbẹ ń gbẹ mí. Ó wọ inú ahéré oko lọ bu omi wá, ó dúró níwájú mi, ó mu ẹnu kan níbẹ̀, ó nu etí ife náà, kó tó nà án sí mi.

N kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ó fi mu ún, n kò tíì na ọwọ́ gbà á.