Iyọ̀ Padà Sẹ́nu Àbúrò Mi

Bẹ́ ẹ bá dé kántíìnì ilé iṣẹ́ bàtà tá a ti ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bèèrè àbúrò mi, àfi kẹ́ ẹ pè é ní Tọ́-ọ-wò kí wọ́n tó mọ ẹni tẹ́ ẹ ń wí. Àwọn tó ń lẹ bàtà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè kọjá lẹ́bàá ìkòkò rẹ̀ kó má ti ṣíbí sí i lẹ́nu: "Tọ́ ọ wò. Kí ló kù?" Kó o tó dáhùn, á ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, síbẹ̀ òun ni olórí alásè, èmi sì ni mò ń bu oúnjẹ sáwo. Gbogbo àṣẹ tó bá pa fún mi lọ́sàn-án, mo máa ń san án padà fún un nírọ̀lẹ́ tá a bá délé.

Àfín ni. Oòrùn àti awọ àfín kì í ṣọ̀rẹ́. Màmá wa mọ̀, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fi fìlà lé e kiri, ṣùgbọ́n ọmọ wo ló máa jókòó sínú yàrá tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré níta? Ó ti dàgbà dáadáa kí nǹkan kékeré kan tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. A ní rorẹ́ ni. Rorẹ́ tí kò tú, tí kò lọ, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bó bá ti nujú. Nígbà tá a fi máa dé ọsibítù, wọ́n ní jẹjẹrẹ awọ ara ni, àmọ́ ká fọkàn balẹ̀, irú èyí kì í yára. Wọ́n gé e, ó padà. Wọ́n tún gé e, wọ́n fi ẹ̀rọ jó ibẹ̀, ó tún padà. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ "kì í yára" yẹn títí dòní. Ìgbín náà kì í yára, ẹ lọ wo ohun tó máa ń fi ewébẹ̀ ṣe.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wá gbabẹ̀ wọ ojú. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ nígbà yẹn, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, jókòó tì wá. Ó ní ó ti wọ eegun ẹ̀yìn ojú. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gé e, ojú á lọ, ìdajì imú á lọ, ọ̀bẹ ò sì ní kó o tán. Oògùn kan ló kù, hóró kan lójúmọ́, tí yóò máa dí ọ̀nà tí jẹjẹrẹ náà ń gbà dàgbà.

"Ṣùgbọ́n ó máa gba adùn lẹ́nu yín o," dókítà wí. "Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lára yín, oúnjẹ kankan ò ní dùn lẹ́nu yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣíwọ́ rẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀, adùn á padà."

Àbúrò mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ṣá?"

Ó lò ó. Ta ló máa tìtorí ọbẹ̀ pa ara rẹ̀? Egbò tó wà lójú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń súnkì, a sì ń yọ̀. Irun rẹ̀ ń re, iṣan ẹsẹ̀ ń fà á débi tó fi ń di etí tábìlì mú, kò ráhùn. Ahọ́n nìkan ló dùn ún. Lọ́jọ́ kan ó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ̀. Mo bu ún fáwọn èèyàn. Bàbá tó ń gé awọ jẹ ẹ́, ó mu omi, ó tún jẹ, ó tún mu omi, ó wá ní, "Ọbẹ̀ òní yìí lágbára o." Kò sẹ́ni tó dá abọ́ padà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débẹ̀. Èmi tọ́ ọ wò, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ahọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí èmi bá ń se oúnjẹ, ará ilé á máa wá ibi sá sí.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bi yín bóyá ó dùn. Kí ló kù?"

Kí ni mo mọ̀ nípa ohun tó kù? Inú á bí i, inú á bí èmi náà, ìkòkò á sì máa hó lọ láàárín wa.

Nílé, màmá wa rí i bó ṣe ń jẹun bí ẹni ń jẹ bébà. A ò sọ ti ahọ́n yẹn fún wọn. Àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ ọsibítù ti pọ̀ jù fún àgbàlagbà, nítorí náà wọ́n rò pé àìsàn mìíràn tún ni. Gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn: "Ọlọ́run, dákun, dá adùn padà sẹ́nu ọmọ mi." Èmi àti àbúrò mi á wo ara wa, a ó sì ṣe àmín.

Ó lé lọ́dún kan kí egbò náà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi. Dókítà wo fọ́tò inú orí rẹ̀ títí. Ó ní jẹjẹrẹ náà ti mọ oògùn yẹn, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Oògùn mìíràn tí wọ́n máa ń fà sí iṣan wà, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ara bá ara rẹ̀ jà, àbúrò mi sì ti ní àrùn oríkèé tó jẹ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó lè pa á kíákíá.

"Ẹ ṣíwọ́ hóró yẹn," ó wí. "Ìyà lásán ló ń fi jẹ yín báyìí. A ó máa tọ́jú ìrora, a ó máa wẹ egbò."

Inú bí mi. Mo ní kó wá nǹkan mìíràn, ṣé ohun tó kàwé fún nìyí?

"Mà, bó bá wà, ṣé mo máa fi pa mọ́ fún yín?" Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo jókòó.

Nínú bọ́ọ̀sì, àbúrò mi ní kí n má sọ fún màmá. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Mo wo ojú fèrèsé títí a fi délé, torí bí mo bá wo ojú rẹ̀, màá ké.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó ń se ọbẹ̀ nílé, ó fi ṣíbí kan ẹnu, ó sì dúró gbagidi.

"Iyọ̀," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ iyọ̀."

Màmá gbọ́ ọ láti pálọ̀. Wọ́n fi ọ̀pá wọn sílẹ̀, wọ́n di ògiri mú wọlé, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú wọn. "Mo ní Ọlọ́run mi ò sùn! Ṣé mi ò sọ fún yín?" Èmi dojú kọ síńkì, mò ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

A jókòó jẹun. Àbúrò mi ń jẹun tọkàntọkàn, ó di ojú kan tí báńdéèjì ò bò, ó ń jẹ. Inú rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́. Ohun tó ń pa mí lára nìyẹn. Màmá ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń wo báńdéèjì tó ti gun orí ìpéǹpéjú.

"Oògùn àárọ̀ ẹ dà? Mi ò rí ike ẹ̀ mọ́."

"Wọ́n ní kí n ṣíwọ́ ẹ̀, màmá."

"Ó ti wò ẹ́ sàn ni?"

Àbúrò mi gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ mì. "Rárá, màmá."

Màmá yíjú sí mi. "Ṣé òun ló gba adùn lẹ́nu ẹ̀?"

Mo fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n rọra gbé ṣíbí wọn kalẹ̀. "Ohun tí mo wá ń kúnlẹ̀ tọrọ láràárọ̀ nìyẹn," wọ́n wí.

Àbúrò mi na ọwọ́ kan, ó di ọwọ́ wọn mú lórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ kejì bu ọbẹ̀ sí i.

"Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná, màmá," ó wí. "Ó dùn."