Kẹ́tùlù Bàbá Ìlà-Ò-Purọ́

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá Ìlà-Ò-Purọ́ fi bá kẹ́tùlù jà, tí ò sì mọ̀ pé kẹ́tùlù ni. Sípíkà ni olóògbé yìí máa ń ṣe. Á gbé máìkì síwájú sípíkà, sípíkà á ké láti orí ohùn tó nípọn títí dórí èyí tó tín-ín-rín, kọ̀ǹpútà á wá fa ìlà ohun tí máìkì gbọ́. Orí kọ̀ǹpútà yẹn náà ló ti máa ń dán kọ́sófà wò kó tó fọwọ́ kan wáyà. Kọ́sófà ni pátákó kékeré tó ń pín ohùn, tó ń fún ẹnu ńlá sípíkà ní ohùn tó nípọn, tó ń fún ẹnu kékeré ní èyí tó tín-ín-rín. Bí ẹnikẹ́ni bá ta kò ó, á ní: "Ìlà ò purọ́."

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìlà yọ gogoro lójú kan. Bàbá pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ ẹnu kékeré, ó bú ẹni tó tà á fún un. Nígbà tó sú u, ó ṣe kọ́sófà tó gé gogoro náà dànù. Oníbàárà gbọ́ ọ, ó ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tí olórin yìí ń kọrin bí ẹni tó faṣọ bo ẹnu?"

Ìyàwó Bàbá ló rí ìdí rẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, àárọ̀ lẹ máa ń wọn nǹkan, àárọ̀ náà ni mò ń gbé omi kaná. Ṣé ẹ ò gbọ́ kẹ́tùlù tó ń súfèé ni?"

"Kẹ́tùlù wo?"

Kẹ́tùlù náà sì ń súfèé lọ́wọ́ bó ṣe ń bèèrè.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ìyá. Bàbá rọra jókòó. "Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa gbé sípíkà fún adití ṣe?" Háà, ẹ wo ohun tí èèyàn ń dá gbé sáyà! Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń fojú gbọ́ ohùn tín-ín-rín.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń jókòó tì í. Bó bá dùn, á tẹ ẹ lórúnkún lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń gúnni létí, ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn oníbàárà rò pé ìfẹ́ àgbà ni. Ìfẹ́ náà ni, àmọ́ iṣẹ́ wà nínú ẹ̀.

Ìjà ò kúkú tán.

"Ó ń gún mi létí."

"Ìlà gún régé!"

"Ẹ jẹ́ kí ìlà bá yín gbọ́rin, mo ń lọ."

Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, bàbá á pè é padà. Síbẹ̀ kò ní gbà pé òun jẹ̀bi láéláé.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, ọmọbìnrin wọn ṣí kọ̀ǹpútà, ó ń wá iṣẹ́ sípíkà tó wà ní pálọ̀, èyí tí bàbá ṣe kẹ́yìn. Méjì ló rí. Ìlà àkọ́kọ́ gún régé. Èkejì tẹ̀ wálẹ̀ níbi ohùn tín-ín-rín, òun sì ni bàbá fi ṣe sípíkà náà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyá wọn ní eléyìí dùn jù. Mi ò lè gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ni mo wò."

Ọmọ kà á fún ìyá.

"Bàbá yín! Wọn ò gbà fún mi lójú mi rí." Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní kó tan orin sí sípíkà náà.