Iyọ̀ Tí Wọ́n Dà Sídìí Ewúro Ìyàwó Mi

Ẹgbẹ̀ta náírà ni mo ra ọ̀rá iyọ̀ kan ní Fájuyì, ní Adó Èkìtì níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iyọ̀ o, kì í ṣe ẹran! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ìyá mi bá fún mi ní tọ́rọ́, iyọ̀ tí màá gbé bọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi lọ́wọ́. Ẹ má bínú, àwa àgbàlagbà kì í sọ̀rọ̀ ká má kọ́kọ́ ráhùn nípa ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyọ̀ gan-an ni mo bá wá. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí iyọ̀ fi ojú mi rí lọ́dún yìí, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé.

Ilé mi ní Adó dákẹ́. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Nínú gbogbo ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, igi ewúro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá wa nìkan ló kù. Ọgbà ìyá rẹ̀ ní Ìgbemọ ló ti gé ọ̀pá rẹ̀ wá lọ́dún tí a kó wọlé yìí. Láràárọ̀ ni mo máa ń kí igi yẹn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín! Ta ni kí n kí?

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́ pé mo ń bá igi sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá wá. Màmá Tìmótì, olórí wọn, wo pálọ̀ yí ká, ó ní, "Bàbá Tísà, ulé yìí ti dákẹ́ jù. Ìbànújẹ́ ti sọ ọ́ di kíkorò."

Wọ́n gbàdúrà tọkàntọkàn. Mo lọ gbé omi tútù wá fún wọn. Kí n tó padà dé, wọ́n ti da iyọ̀ sídìí ewúro. Kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ o! Odindi ọ̀rá ńlá tí wọ́n dáwó rà ni wọ́n dà tán, wọ́n sì bu omi lé e. Wọ́n ní igi kíkorò kò gbọdọ̀ máa ṣọ́ fèrèsé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, pé iyọ̀ ni yóò sọ ayé mi di dídùn.

Ìfẹ́ ló gbé wọn wá. Mo ṣe àmín.

Kò pẹ́ tí etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ohun tí iná jó. Mo gbẹ́ iyọ̀ òkè kúrò, mo da omi sí i títí, ṣùgbọ́n ó ti wọlẹ̀. Mo ń jókòó tì í bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ó ń ṣe mí bíi pé mo fẹ́ ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ibẹ̀ ni yunifásítì ti wá sí mi lọ́kàn. Àwa mẹ́rin la jọ máa ń lo tábìlì kan ní láàbù: èmi, Fọlọ́runṣọ́, Bámidélé ará Ìgèdè, àti ọmọbìnrin Ìgbemọ tí mo padà fẹ́ níyàwó. Olùkọ́ wa ní àwọn bakitéríà kan wà tí iyọ̀ kì í pa. Àwọn kan lè jẹ epo tó dà sínú òkun, wọ́n lè fọ omi oníyọ̀ tó ń jáde ní ilé iṣẹ́ awọ mọ́. Àwọn mìíràn máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò irúgbìn, wọ́n á ràn án lọ́wọ́ kó lè yè lórí ilẹ̀ oníyọ̀.

Bámidélé nawọ́ sókè. "Sà, kí ni àwa Èkìtì fẹ́ fi èyí ṣe? Òkun tiwa dà?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín! Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti pàdé, ìkíni wa nìyẹn. Ẹnì kan á ní, "Òkun Èkìtì ńkọ́?" Èkejì á ní, "Ó ń ru!"

Níbo wá ni mo ti fẹ́ rí irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ ní Adó? Mo rìn yí ilé ká, mo dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo dúró gbọin. Ẹ̀yin tó ń se ọbẹ̀ mọ̀ pé iyọ̀ la fi ń fọ ewúro kí ìkorò rẹ̀ lè lọ. Ojúkan yìí ni ìyàwó mi ń da omi iyọ̀ yẹn sí ní gbogbo ọdún tí a fi gbé pọ̀. Mo máa ń bá a jà pé ó ń ba ilẹ̀ jẹ́. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Tísà, ẹ jẹ́ kí bakitéríà Bámidélé náà rí òkun wẹ̀."

Lóòótọ́, gbogbo nǹkan ti kú níbẹ̀ tipẹ́, àfi koríko gbégi. Ó sì tutù yọ̀yọ̀! Kí ló ń gbé e ró, bí kì í bá ṣe bakitéríà Bámidélé?

Mo hú gbégi, mo gbọn yẹ̀pẹ̀ ìdí gbòǹgbò rẹ̀ sínú garawa, mo pò ó mọ́ omi àti ṣúgà díẹ̀ kí àwọn ará ibẹ̀ lè jẹun, kí wọ́n sì bí sí i. Mo dà á sídìí ewúro, mo ń ṣe é lemọ́lemọ́. Mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi wò wọ́n, òjò náà sì bá mi fọ iyọ̀ lọ, nítorí náà mi ò ní búra. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ewé kékeré kan ti yọ lára ọ̀pá tí mo rò pé ó ti kú.

Mo pariwo! Ta ló dá mi lóhùn?

Màmá Tìmótì rí i lẹ́yìn náà, ó kígbe halelúyà, ó ní iyọ̀ àdúrà ti ṣiṣẹ́. Mo tún ṣe àmín.

Ẹni tí yóò yé ni mo ń wá. Mo pe Bámidélé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé fóònù, ó ní kí n má bínú, bàbá kì í fi bẹ́ẹ̀ dá èèyàn mọ̀ mọ́. Ó gbé e fún un. Mo dárúkọ ara mi, kò mọ̀ mí. Mo ròyìn ewúro, kò fèsì. Mo ti fẹ́ pa fóònù nígbà tí mo ní, "Bámidélé, òkun Èkìtì ńkọ́?"

Lójijì, ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọ yunifásítì. "Ó ń ru!"

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀kọ́ tèmi kò pọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ léèrè kí ẹ tó da iyọ̀ sí ọgbà rẹ̀. Ẹ má sì sọ pé ilẹ̀ kan ti kú, kí ẹ tó wo ìdí koríko rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹni yín tó lọ fi sílẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí. Gbogbo rẹ̀ ni màá kà, àyè wà lọ́wọ́ mi.

Nínú àwa mẹ́rin orí tábìlì yẹn, Fọlọ́runṣọ́ ti lọ. Ìyàwó mi ti lọ. Bámidélé wà, nígbà tó bá rántí. Èmi wà. Ewúro náà wà.